Kọ́tìnì Tó Ń Dí Òjò, Tí Kò Dínà: Rírán Kọ́tìnì Ọ̀rá fún Ọkọ̀ Ojú Omi Nílé

   

Kọ́tìnì ọ̀rá tí a ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọ̀rá nínípọn tó mọ́ gaara, tí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ń rí ìta láti inú rẹ̀, tí òjò àti omi tí ìgbì ń ta kì í sì í rí ibẹ̀ gbà wọlé. Ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi maṣíìnì ránṣọ, lè rán an fúnra rẹ̀ nílé. Màá ṣàlàyé bó ṣe máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí mo bá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mẹ́ta ni ohun tí kọ́tìnì ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀: ojú tó fi ń ríran, afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú, àti ọ̀nà tó máa gbà jáde. Kọ́tìnì tó bá gba ẹyọ kan péré nínú mẹ́ta yìí, bó ti wù kó dí òjò tó, ẹ má ṣe ta á.

Gbogbo wa la mọ òjò Èkó. Láti oṣù kẹrin ló ti ń múra, oṣù kẹfà àti ìkeje ló máa ń rọ̀ jù, ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá. Ọ̀sà Èkó náà sì tóbi: ó gùn ju 50 kìlómítà lọ. Bí òjò bá ká ènìyàn mọ́ ìgboro, ó lè sá sábẹ́ ilé onílé. Bó bá ká ọkọ̀ mọ́ àárín ọ̀sà, kò sí ibi tí a máa sá sí. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa: òṣìṣẹ́ tó wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ilé ìwé, ìyá tó gbé ọmọ jòjòló dání.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ta tapólì. Tapólì dí òjò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún dí ojú. Inú ọkọ̀ á ṣú. Èrò kò ní mọ ibi tí wọ́n dé, wọn kò sì ní rí ìgbì tó ń bọ̀ kí wọ́n tó di nǹkan mú. Atukọ̀ ni tiẹ̀ burú jù, nítorí yóò máa yọ orí síta nínú òjò kí ó tó lè rí ọ̀nà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ sì ni lórí omi. Igi tó léfòó, àwọ̀n apẹja, ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ojú la fi ń yẹra fún gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rá híhàn fi sàn ju tapólì lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rá náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìwà rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n rán, tí yóò sì mọ̀ ọ́n tọ́jú. PVC ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Eugen Baumann, kíyè sí i ní 1872 pé nǹkan funfun líle kan dì sínú ìgò kẹ́míkà tí oòrùn tàn sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó rí nǹkan gidi fi ṣe, nítorí ó le, ó sì máa ń fọ́. Ìgbà tó di 1926, ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Waldo Semon tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich ń wá ohun tí yóò máa lẹ rọ́bà mọ́ irin. Ó se PVC yìí pọ̀ mọ́ kẹ́míkà olómi kan tí kì í tètè gbẹ, ohun tó sì rí kì í ṣe gọ́ọ̀mù tó ń wá: ó rí ohun rírọ̀ tó ń fà, tí omi kì í wọ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé nígbà tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà han ọ̀gá rẹ̀, aṣọ kọ́tìnì tó ti fi ohun náà pa ló tẹ́ síwájú rẹ̀, ó da omi lé e, omi náà kò sì kọjá sí abẹ́ rẹ̀. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rá yìí àti kọ́tìnì ti jọ ń rìn.

Ẹ fi ohun tí Semon ṣe yẹn sọ́kàn. PVC fúnra rẹ̀ le, èròjà olómi tí wọ́n pò mọ́ ọn ló jẹ́ kó rọ̀. Bí èròjà yẹn bá ń jáde díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á sì sán. Oòrùn àti ooru ń fà á jáde. Epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti tínà tí àwọn akunlé ń lò ń fà á jáde kíákíá. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí mo máa fún yín lórí ìtọ́jú ọ̀rá yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ní Èkó, ẹ ó rí ọ̀rá híhàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta awọ àti èlò àga ní Muṣin, ẹ ó sì rí i ní Balógun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìbòrí tábìlì. Ẹ má kàn sọ pé kí wọ́n gé ọ̀pá mẹ́ta fún yín. Ẹ béèrè bó ṣe nípọn tó. Èyí tó jẹ́ ìdajì mìlímítà, ìyẹn 0.5, rọrùn láti rán, ó sì rọrùn láti ká, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bí ọkọ̀ bá ń sáré. 0.75 mìlímítà ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré mu. Èyí tó pé mìlímítà kan lágbára gan-an, ó sì dára fún ojú iwájú tí afẹ́fẹ́ ń gbá, àmọ́ ó wúwo, kì í sì í rọrùn láti ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ ní kí ẹnì kan di ọ̀rá náà mú síwájú yín, kí ẹ wá wo ohun kan tó nàró lókèèrè gba inú rẹ̀, bóyá òpó iná. Kí ó rọra máa gbé ọ̀rá náà lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì. Bí òpó náà bá ń wọ́, tó ń tẹ̀, tó dà bí ẹni pé ó ń jó, ọ̀rá yẹn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò, ṣùgbọ́n ẹ má fi síwájú atukọ̀. Èyí tí wọ́n ká roboto sórí páálí máa ń ní irú àléébù yìí. Èyí tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì dán ojú rẹ̀, ló mọ́ jù, ó sì wọ́n jù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó gbogbo rẹ̀, kó ra èyí tó dára jù fún iwájú atukọ̀ nìkan. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n fi èròjà tó ń dènà oòrùn sí i. Ìbòrí tábìlì kì í sábà ní in, nítorí inú ilé ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ ó tún ra kánfáàsì tàbí tapólì tó dára, èyí tí a máa fi yí etí ọ̀rá náà ká, nítorí etí ọ̀rá lásán kò lè di síìpù àti bọ́tìnì mú fún ìgbà pípẹ́. Ẹ ra síìpù ńlá oníke, nọ́ńbà 10. Ẹ má ra onírin: lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà gan-an, iyọ̀ inú rẹ̀ á pọ̀ sí i, síìpù onírin á sì dípẹtà títí tí kò fi ní ṣeé ṣí mọ́. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ ní tirẹ̀, kó jẹ́ sitéńléèsì. Òwú tí ẹ máa rà, kó jẹ́ pólíẹ́sítà tó nípọn. Òwú kọ́tìnnì máa ń jẹrà nínú omi, oòrùn sì máa ń tètè já òwú náílọ́ọ̀nù.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìwọ̀n. Ẹni tó bá mú téèpù, tó kọ gígùn àti ìbú sínú ìwé, tó wá lọ gé ọ̀rá nílé, yóò kábàámọ̀. Ara ọkọ̀ kì í tọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wọnú níbì kan, á yọ síta níbòmíràn, òpó òtún lè má bá ti òsì dọ́gba. Nítorí náà, inú ọkọ̀ gan-an ni a ti ń gé pátánì. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ ẹbutè, kó wà lórí omi, kí òrùlé rẹ̀ sì wà bó ṣe máa ń wà. Ẹ mú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò wọ́n, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ láti etí òrùlé wá sísàlẹ̀, kí ẹ nà án dáadáa kó má ṣe kákò. Ẹ mú máákà, kí ẹ fà á síbi tí òrùlé wà, síbi tí etí ọkọ̀ wà, síbi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà.

Kí ẹ tó tú u, ẹ ní kí atukọ̀ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kí ẹ sì sàmì síbi tí ojú rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ ní kó dìde, kí ẹ tún sàmì. Láàárín àmì méjèèjì yìí, kò gbọdọ̀ sí kánfáàsì, kò gbọdọ̀ sí síìpù, kò gbọdọ̀ sí ojú ìránpọ̀ kankan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìjókòó èrò pẹ̀lú, kí ọmọ kékeré tó jókòó lè rí omi. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sára pátánì kọ̀ọ̀kan: "ọ̀tún" tàbí "òsì", "inú" tàbí "ìta", "òkè" tàbí "ìsàlẹ̀". Bí ẹ kò bá kọ ọ́, tí ẹ dé ilé, tí ẹ sì yí i padà lórí tábìlì, gbogbo wọn á jọra.

Ọ̀rá máa ń fẹ̀ nínú ooru, ó sì máa ń súnkì bí ara rẹ̀ bá tutù. Bí ẹ bá gé e ní ọ̀sán gangan nínú oòrùn, yóò kéré lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́tìnì kò sì ní bára pàdé. Ẹ gé e lábẹ́ òjìji, níbi tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ gbá ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ kí ẹ tó tẹ́ ọ̀rá lé e. Ẹyọ yanrìn kan péré lè ha ojú rẹ̀, kò sì sí ọṣẹ tó lè pa ojú àpá yẹn rẹ́.

Ó wá kan maṣíìnì. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ olórí dúdú, irú Butterfly tàbí Singer tó wà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ télọ̀, lè rán ọ̀rá 0.75 pẹ̀lú kánfáàsì, bí a kò bá kánjú. Ẹ fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 sí i. Ẹ tú ojú òwú sílẹ̀ díẹ̀, kó má fa ọ̀rá súnkì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ẹ mú àjákù ọ̀rá àti àjákù kánfáàsì, kí ẹ fi dán an wò títí òkè àti ìsàlẹ̀ ìránpọ̀ yóò fi jọra.

Ohun mẹ́rin ló ya ọ̀rá sọ́tọ̀ sí aṣọ lábẹ́ maṣíìnì. Àkọ́kọ́: ihò tí abẹ́rẹ́ bá lu sára ọ̀rá kò ní dí mọ́ láéláé. Nítorí náà, a kì í fi pín-ìnnì dè é. Gọ́ọ̀mù téèpù olójú méjì ni ẹ máa fi lẹ kánfáàsì mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi péègì ìsáṣọ di etí rẹ̀ mú. Bí ẹ bá ṣì í rán, tí ẹ tú u, ihò á wà níbẹ̀, omi á sì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ìkejì: ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìránṣọ gùn, kó tó mìlímítà mẹ́rin láàárín ihò kan sí èkejì. Télọ̀ tó mọ́ lára láti máa rán aṣọ sínwínsínwín á fẹ́ ṣe é wẹ́wẹ́ kó lè lágbára. Lórí ọ̀rá, ìyàtọ̀ wà: ihò tó sún mọ́ra jù á dà bí ojú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lu sílẹ̀ kó lè rọrùn láti ya, afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ gidi ló máa ya á láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ rán an ní ìlà méjì tó jìnnà síra díẹ̀, dípò ìlà kan tó wẹ́.

Ìkẹta: ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ irin tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kì í fẹ́ rìn. Bí kánfáàsì bá wà lókè, irin náà á máa gba orí rẹ̀ kọjá. Níbi tí ọ̀rá bá wà lókè, ẹ tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ rán gba orí ìwé náà, kí ẹ sì fa ìwé ya kúrò bí ẹ bá parí. Ìkẹrin: ọ̀rá wúwo, ó sì ń yọ̀. Ẹ wá ẹni kejì tí yóò máa gbé e tẹ̀ lé yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó so rọ̀ kúrò lórí tábìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwúwo rẹ̀ á máa wọ́ ìránpọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi kánfáàsì yí etí ọ̀rá ká ni kí ẹ gé kánfáàsì ní ọ̀já ọ̀já, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kí ẹ lè ká a sí méjì, kí etí ọ̀rá wọ àárín rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ tó rán an. Kí òkè gba síìpù, kí ìsàlẹ̀ nípọn fún bọ́tìnì tàbí Velcro, ìyẹn téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó sì ṣeé fà ya. Ẹ rán ọ̀já méjì méjì mọ́ òkè kọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, kí ẹ lè ká a sókè kí ẹ sì so ó nígbà tí òjò kò bá sí. Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò sára ọkọ̀ fáíbà láti fi gbé bọ́tìnì sí i, ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù sínú ihò náà kí ẹ tó dè é, kí omi má baà wọ inú ara ọkọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù la dé yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sílẹ̀.

Kọ́tìnì tó dára, tó dí, tó lẹ̀ pinpin, lè pa èèyàn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé ní láti gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bí ẹ̀gbẹ́ bá wà ní dídè, tí wọ́n fi okùn so ó láti ìta, tàbí tí síìpù rẹ̀ kò ṣeé fà láti inú, ibo ni yóò gbà? Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀, tí NIWA àti LASWA, àwọn àjọ méjèèjì tó ń bójú tó ọ̀nà omi wa, kì í yé pariwo rẹ̀ fún wa, ìyẹn gan-an á máa gbé e lọ sókè mọ́ òrùlé. Ohun tó yẹ kó gbà á là á wá dì í mọ́ inú ọkọ̀, nítorí kọ́tìnì dí ọ̀nà.

Nítorí náà, òfin tèmi nìyí. Ẹ má rán kọ́tìnì kan ṣoṣo gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Òkè nìkan ni kó dè mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀, Velcro kéékèèké ni kó dì í mú, kó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi ọwọ́ tì í láti inú, á já sílẹ̀. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ dára síwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ má fi púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò. Bí ẹ bá fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́, kó jẹ́ èyí tó ní ohun ìfà nínú àti níta, kí ẹ sì so ọ̀já aláwọ̀ pupa mọ́ èyí tó wà nínú, kí ọwọ́ lè tètè bà á. Okùn dídè kò gbọdọ̀ sí rárá. Kókó okùn tó ti wọ omi kì í ṣeé tú.

Afẹ́fẹ́ ló kàn. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù ń tú gáàsì kan síta tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀: carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ máa ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń fa èéfín ẹ́ńjìnnì padà wọ inú ọkọ̀, pàápàá bí a bá ti kọ́tìnì iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́, tí a sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Orí á máa fọ́ èrò, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á fẹ́ bì. Wọ́n á rò pé ìgbì ló ń dà wọ́n láàmú, tí wọ́n á sì sùn lọ. Irú oorun yẹn léwu. Ohun tó yẹ ni pé kí afẹ́fẹ́ máa gba iwájú wọlé, kó sì máa gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí ẹ bá ń rán kọ́tìnì iwájú, ẹ ṣe fèrèsé sí i tí a lè ká sókè, kí atukọ̀ máa ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. Jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ti kọ́tìnì. Ẹni tí orí bá ń fọ́ nínú ọkọ̀ tí a ti kọ́tìnì rẹ̀, ẹ ká kọ́tìnì sókè lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó béèrè ohun tó jẹ.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ìjì tún wà. Kọ́tìnì tí a ta láti òrùlé dé etí ọkọ̀ máa ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì lè ti ọkọ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gidi, ẹ ká ti ẹ̀gbẹ́ sókè, kí ẹ sì wá ẹbutè tó sún mọ́ tòsí. Omi òjò kò lè ṣe wá ní nǹkan kan ju kí aṣọ wa tutù lọ. Aṣọ tútù á gbẹ.

Ní ti ìtọ́jú, mo ti sọ ìdí rẹ̀ ṣáájú. Omi lásán ni ẹ kọ́kọ́ máa dà sí i lẹ́yìn ìrìn àjò, kí iyọ̀ àti yanrìn ṣàn kúrò, kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ẹ má nù ún ní gbígbẹ. Ẹ má fi kẹrosíìnì, bẹntiróòlù, tínà, ọtí sípíríìtì tàbí ohun tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ilé kàn án. Ìpara tàbí fínfín tí a fi ń lé ẹ̀fọn máa ń ba ojú rẹ̀ jẹ́: ẹni tó bá fi para, kó fọwọ́ kó tó dì í mú. Ẹ máa ká a roboto, ẹ má ṣẹ́ ẹ po bíi ti aṣọ ilé, nítorí ojú ìṣẹ́po kì í tán mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú rírọ̀ sáàárín bí ẹ bá ń ká a, kí ara rẹ̀ má baà ha ara rẹ̀, kó sì ti gbẹ kí ẹ tó kó o pamọ́. Níbi tí ọ̀rá bá ti kan páìpù òrùlé, oòrùn máa ń mú páìpù gbóná, á sì jó ọ̀rá. Ẹ fi ọ̀já kánfáàsì bò ó níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí láti Amẹ́ríkà, tí ẹ ní ọkọ̀ lórí odò lọ́hùn-ún, ẹ má ká a nínú òtútù líle. Òtútù máa ń mú ọ̀rá le, yóò sì sán.

Ẹ̀yin télọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, iṣẹ́ yìí kò mọ sórí ọkọ̀ ojú omi nìkan. Kẹ̀kẹ́ Maruwa ń wá irú rẹ̀ lásìkò òjò, ìyá olóúnjẹ náà ń wá a fún ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa yóò rí oúnjẹ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti gba ẹ̀mí èèyàn sọ́wọ́. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ dè é pinpin kí omi kankan má wọlé, ẹ ṣàlàyé fún un. Bí kò bá gbà, ẹ dá owó rẹ̀ padà.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ẹ má dúró di ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ti gé pátánì, kí ẹ sì ti rán an tán, kó tó di pé gbogbo ọkọ̀ ń wá télọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá sì parí iṣẹ́, ó ku ìdánwò kan. Ọkọ̀ ṣì wà ní síso mọ́ ẹbutè. Ẹ kó ìdílé yín tàbí àwọn òṣìṣẹ́ yín sínú rẹ̀, kí gbogbo wọn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ti gbogbo kọ́tìnì. Ẹ wá sọ pé, "Ẹ jáde!" Kí ẹnikẹ́ni má ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Kí ọmọdé ṣí tirẹ̀, kí ìyá àgbà ṣí tirẹ̀, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ojú dídì. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá há, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ padà sídìí maṣíìnì, kí ẹ tú ibi tó há a mọ́, kí ẹ tún un rán. Ìgbà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára jù nínú ọkọ̀ bá tó lè ṣí i fúnra rẹ̀ ni kọ́tìnì yẹn tó pé.

 Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì dé ilé láyọ̀.